Ewì Tí Àlímọ̀t Mu

Ní Lafiaji, bí ẹ bá bèèrè Àlímọ̀t, àwọn èèyàn lè máa wo ara wọn lójú. Ẹ bèèrè Ìyá Kéwú. Kíá ni wọn yóò fi ọwọ́ júwe ilé alájà kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn wọnú, tí bàtà ọmọdé máa ń kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Láàárọ̀, obìnrin yìí ń ta bàtà ní Ọjà Balógun. Nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú níbi tí bàbá rẹ̀, Àlùfáà Sùrájù, ti kọ́ òun náà. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni, ó kúrú, ó yára, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó bá ń purọ́ fún un. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kì í gbàgbé nǹkan. Bí o bá bú u lónìí, lọ́dún mẹ́wàá sí i, yóò sọ aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ lọ́jọ́ náà fún ọ.

Ẹnì kan wà tí Àlímọ̀t kọ̀ láti gbàgbé ju gbogbo èèyàn lọ. Michael Candido ni, ọmọ ilé àwọn Candido tó wà ní òpópónà kejì sí tiwọn, ilé àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wọn tó ti Brazil dé kọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí Àlímọ̀t ti gbé orúkọ yìí sínú. Bí ẹ bá ní kó dárí jì í nítorí Ọlọ́run, yóò ní Ọlọ́run mọ ibi tí òun bá ọ̀rọ̀ náà dé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, Nusrat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé láti Òkè Àrin níbi tó ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní páálí páálí. Kò tíì jókòó tó fi fa fóònù yọ.

"Mummy, ẹ ò sọ fún mi rí pé Dókítà Candido mọ̀ yín ní Rọ́ṣíà."

"Ta ló ní ó mọ̀ mí?"

"Ó kọ ìwé ni. Wọ́n fẹ́ launch ẹ̀ ní Thursday, níbí, lórí Island. Ẹnì kan ti snap ojú ewé kan síta. Màá kà á fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kà á. Ìbínú mi ò nílò àṣẹ rẹ."

Ìgbésí ayé Ignat Koravin ni ìwé náà dá lé, akéwì ará Rọ́ṣíà kan tó ti kú tipẹ́. Nusrat ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Dókítà Candido kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewì tí ọkùnrin náà kọ gbẹ̀yìn, èyí tó pè ní "Àlejò", ti sọnù títí láé. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ti inú kọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó wá, tí kò mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló da omi lé e, tó fọ̀ ọ́, tó sì gbé omi náà mu gẹ́gẹ́ bí oògùn àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wá ní òun tí òun rí ewì náà fìrí lè jẹ́rìí pé ìwé ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní olórí ìjọba ni àlejò inú rẹ̀, pé Koravin kọ ọ́ láti fi yin ọkùnrin náà, kí wọ́n lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Bàtà ọmọdé kan wà lọ́wọ́ Àlímọ̀t tó ń nù. Ó ń nù ún lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kà."

Nusrat tún un kà. Àlímọ̀t gbé bàtà náà sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Inú ń bí i. Èébú tó bú òun, òun lè gbé e. Wọ́n ti pè é ní ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú sínú òtútù nítorí pé kò tẹríba, kí ẹnì kan jókòó sí Èkó, nínú ẹ̀rọ amúlétutù, kó máa sọ pé ó tẹríba! Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò lè gbé.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe.

Ọdún 1979 ni Àlímọ̀t gba sikọ́láṣíìpù lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Moscow. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ di gààrí àti ata gígún sínú àpótí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti wàláà kékeré kan sábẹ́ aṣọ, pákó tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ kéwú, ó ní kó má ṣe jẹ́ kí kéwú òun dòfo nílùú yìnyín. Michael Candido ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ń kọ́ nípa ìwé àti ewì. Ẹ mọ bí ọmọ àdúgbò ẹni ṣe máa ń dùn ún rí nílẹ̀ òkèèrè. Bọ̀dá Michael ló ń pè é. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni Bọ̀dá Michael máa ń wá jẹ ẹ̀bà ní yàrá rẹ̀, inú àwo kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun, nítorí àwo kan ṣoṣo ló ní.

Obìnrin arúgbó kan ń fọ ilẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Klavdia ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà Àlímọ̀t bó bá gbọ́ tó ń ka Kùránì láìwo ìwé. Lọ́jọ́ kan, ó bi í pé mélòó ló mọ̀ sórí nínú ìwé náà. Àlímọ̀t ní ìdajì rẹ̀ ni. Arúgbó náà ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àbúrò Ignat Koravin ni Klavdia. Atukọ̀ lójú odò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, òun ló ń fi ọkọ̀ kó igi gẹdú lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó sì máa ń kọ ewì bó bá ti gúnlẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí ló ń kọ: ebi tó ń pa àwọn ará abúlé etí odò nígbà tí rédíò ń sọ pé wọ́n yó. Wọ́n gbé e lọ síbi tí òtútù ti ń pa èèyàn, kò sì padà. Ogójì ewì rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí wọ́n ń dà á kọ ní kọ̀rọ̀, títí òkìkí rẹ̀ fi kàn lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ewì kọkànlélógójì, orí Klavdia nìkan ló wà. Ìlà méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ péré ni ayé mọ̀, nítorí Koravin kọ ìyẹn sínú lẹ́tà kan. Klavdia sì ti ń darúgbó, ó ti ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí.

"Má kọ ọ́ sórí ìwé," ni arúgbó náà wí. "Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ á jìyà. Fi sórí rẹ. Tí mo bá kú tán, tí ẹnì kan bá bèèrè rẹ̀, ẹnu sí etí ni kó o fi fún un."

Bí wọ́n ṣe kọ́ Àlímọ̀t ní Lafiaji ló ṣe kọ́ ewì náà. Ó fi lẹ́tà kéwú kọ èdè Rọ́ṣíà sórí wàláà, ìlà kan lójúmọ́. Yóò kà á títí yóò fi wọ orí, yóò fọ wàláà, yóò kọ ìlà tó kàn. Nígbà tó parí, ó kọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pọ̀ kó fi dán ara rẹ̀ wò. Ọjọ́ Sunday ni. Michael jẹ ẹ̀bà tán, ó rí wàláà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bèèrè pé kí ni. Àlímọ̀t tí kò gbọdọ̀ sọ, ó sọ. Ẹni tó ń bá a jẹun nínú àwo kan ni, ta ni kó tún fọkàn tán? Ó ka ìlà méjì tí gbogbo ayé mọ̀ fún un, ó ní ìyókù wà lọ́wọ́ òun.

Ní ọjọ́ Tuesday, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin méjì láti ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n, Michael wà lẹ́yìn wọn, ó ń wo ilẹ̀. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n sì ti ní kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọ́n ní kó dúró, ó sì kàwé títí ó fi di Dókítà. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, Àlímọ̀t ti bu omi sórí wàláà, ó fi ọwọ́ ra á sínú abọ́, ó gbé omi dúdú náà sẹ́nu, ó mu ún tán bí wọ́n ṣe ń mu hàntúù, omi tí wọ́n fi fọ kéwú. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló mu lọ́jọ́ náà. Pákó tútù làwọn ọkùnrin náà bá. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ọdún mẹ́rin ló ti lò ní Moscow. Ó délé láìsí ìwé ẹ̀rí, láìsí àlàyé tí ẹnikẹ́ni gbà. Àwọn kan ní oyún ló lé e wálé. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ló dàrú. Àlùfáà Sùrájù, tí gbogbo mọ́sálásí ti ń kí ní Bàbá Dókítà, ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì pé ọdún mẹ́ta tó fi kú. Ẹ mọ ohun tí Michael Candido ṣe? Ó fi káàdì ránṣẹ́ láti Moscow, ó ní òun bá wọn kẹ́dùn. Àlímọ̀t ṣì ní káàdì náà. Nígbà tí lẹ́tà dé pé Klavdia ti kú, ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí àwọn ọ̀mọ̀wé nílẹ̀ òkèèrè pé ewì tí wọ́n ń wá wà lọ́wọ́ òun. Wọn ò fèsì. Ta ni yóò fèsì fún ìyá oníbàtà?

Ohun tí Nusrat kà ló mú un bínú, òun náà ló padà pa á lẹ́rìn-ín. Kò sí ilé-kéwú tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà rẹ̀ kó tó mọ ohun tó wà lára rẹ̀ lórí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń ṣomi imú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Michael kò jókòó lórí ẹní kéwú rí. Ó rí pákó tútù, ó rí abọ́ òfìfo àti omi dúdú lẹ́nu Àlímọ̀t, ó sì fi ogójì ọdún gbà pé ewì ti bá omi lọ. Nítorí ìyẹn ló ṣe rọrùn fún un láti purọ́ mọ́ ọn.

"Ó rò pé ikùn mi ló lọ," ni Àlímọ̀t wí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mummy, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ kí i kú oríire."

Nígbà tó di Thursday, ó wọ ìró àti bùbá aláró, ó wé gèlè kékeré, ó jókòó sí ìlà kẹta. Gbọ̀ngàn náà kún. Michael Candido ti fi dáì kun irun rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún àlejò pàtàkì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin òyìnbó kan jókòó sí, ará Rọ́ṣíà, tí wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ka ewì Koravin. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, Àlímọ̀t dìde.

"Ẹ kú oríire, Ọ̀gbẹ́ni Candido. Èmi ni ọmọbìnrin inú kọ̀rọ̀ yẹn."

Michael wò ó. Ẹ wo bí ojú dúdú èèyàn ṣe lè di eérú. Àlímọ̀t bẹ̀rẹ̀ ewì náà ní èdè Rọ́ṣíà, bí Klavdia ṣe ń kà á, láìyára, láìfa ohùn. Àlejò wọlé, ó gbọn yìnyín bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo gbé àga tó sún mọ́ iná fún un. Ìyẹn ni ìlà méjì tí ayé mọ̀. Ó kọjá sí ìkẹta: mo bu ọbẹ̀ fún un, ọbẹ̀ tí mo fi pamọ́ de ọ̀la. Ó kà dé ìkẹrin: ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ọwọ́ mi dùn.

Ó dákẹ́. Obìnrin òyìnbó náà ti dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kà á lọ, pé òun á ká a sórí fóònù, pé ohunkóhun tó bá fẹ́ ni òun á ṣe.

"Rárá o," ni Àlímọ̀t wí. "Ìyókù wà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Candido ló ní ó sọnù, òun ló máa wá gbà á. Ilé-kéwú mi wà ní Lafiaji, ó mọ ọ̀nà. Kó dé lẹ́yìn Alásàárì, kó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí àwọn yòókù."

Fóònù bí ogún ló ń ká a. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fídíò náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ ìwé ọ̀hún ní òkèèrè. Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Wọ́n ní kí Dókítà Candido mú ewì náà wá, tàbí kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ lòun pa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ṣe agídí. Ó rán àbúrò rẹ̀ wá, ó rán àlùfáà ìjọ wọn wá, Àlímọ̀t fún gbogbo wọn ní omi tútù mu, ó sì ní kí wọ́n padà lọ. Nígbà tó yá, ó wá fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ń ké kéwú lọ lọ́wọ́ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Àlímọ̀t, a ti dàgbà. Jẹ́ ká jókòó sọ ọ́ bí àgbà."

"Ta ni Àlímọ̀t níbí? Bi àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń pè mí."

Michael wo àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ń wò ó. "Ìyá Kéwú," ló wí níkẹyìn.

"Ehn-ẹ́n. Jókòó."

"Níbo?"

"Lórí ẹní. Lẹ́yìn Mariyah."

Mariyah jẹ́ ọmọ ọdún méje, ó sì sún síwájú kí bàbá náà lè ráyè. Láti ọjọ́ yẹn, "ìwọ" ni Àlímọ̀t ń pe ọkùnrin tó fi ọdún méjì jù ú lọ, òun náà sì ń fi "ẹ̀yin" dá a lóhùn, nítorí ọmọ kéwú ni. Kò gbọdọ̀ mú fóònù wọlé, kò gbọdọ̀ mú bírò. Nígbà tí Michael ní kó tètè sọ ìlà karùn-ún fún òun, Àlímọ̀t gbé wàláà lé e lọ́wọ́, ó ní lẹ́tà kéwú lòun fi kọ ọ́, lẹ́tà kéwú ló máa fi kà á.

"Mi ò mọ lẹ́tà kéwú, Ìyá Kéwú."

"Mo mọ̀. Mariyah, bẹ̀rẹ̀ láti alífù fún un."

Oṣù kan gbáko ni Dókítà Candido fi kọ́ alífù, báà, táà. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orúnkún ń dùn ún, tàdáwà ń yí i lọ́wọ́. Bó bá ṣì í, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, Mariyah á fi ìka tẹ ibi tó ti ṣì í. Àlímọ̀t ò na pàṣán sí i. Ó kàn ń gbé wàláà padà síwájú rẹ̀ ni. Ó ń gbádùn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Ní Balógun, bó ti ń to bàtà, ó máa ń wo aago, ara rẹ̀ á sì yá gágá bí Alásàárì bá ti ń sún mọ́lé. Àwọn ará àdúgbò ń wá dúró lẹ́nu fèrèsé láti wo dókítà ìwé tó ń ké báà bí ọmọ ọwọ́. Michael ra mílíìkì páálí kan wá láti fi tù ú lójú. Àlímọ̀t pín in fún àwọn ọmọ lójú rẹ̀.

"Mummy, ó tó báyìí," ni Nusrat wí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Bàbá arúgbó ni. Ẹ fún un ní ewì náà kó máa lọ."

"Bàbá mi náà darúgbó. Kò tíì tó."

Nígbà tó mọ lẹ́tà tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ewì, ìlà kan lójúmọ́. Ọjọ́ tó bá gbàgbé èyí tó ṣáájú, wọn ò ní fi kún un. Lójú àwọn ọmọ, ariwo lásán ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Michael gbọ́ Rọ́ṣíà dáadáa. Ìlà karùn-ún: ó bi mí pé kí ni mò ń kọ, mo kà á fún un. Ìlà kẹfà: ó sunkún díẹ̀, mo fi aṣọ mi nù ún lójú. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹsàn-án, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́, tí akéwì rí ipasẹ̀ àlejò rẹ̀ nínú yìnyín, tí ipasẹ̀ náà kò sì forí lé ilé àlejò, Michael gbé wàláà sórí itan.

"Ìyá Kéwú, ẹ jẹ́ kí n lọ sinmi lónìí."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá. Ìlà yìí ni." Ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. "Mo jẹun nínú àwo yín."

Ogójì ọdún ni Àlímọ̀t ti ń retí gbólóhùn yẹn. Ó ti rò pé bó bá dé, nǹkan kan máa rọ̀ nínú òun. Kò sí ohun tó rọ̀.

"Kì í ṣe ohun tí mo ní kó o kà nìyẹn," ló wí. "Ìlà kẹsàn-án. Kà á."

Ó kà á. Lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá. Kò síbi tó fẹ́ sá sí, ìwé rẹ̀ ti há.

Ìlà kẹrìnlá ló kù. Àlímọ̀t ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Nusrat, bí ìlà náà ṣe rí. Koravin kò parí rẹ̀. "Orúkọ rẹ̀ ni", ló kọ, ó sì fi àyè sílẹ̀. Klavdia ti ṣàlàyé fún un lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà pé ẹni tó bá gbé ewì yìí, òun ni yóò fi orúkọ àlejò tirẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ aládùúgbò wọn kan tó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ ni arúgbó náà máa ń fi sí i, á sì tutọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday tí Àlímọ̀t kọ ewì náà tán, kò ní orúkọ kankan tó lè fi síbẹ̀, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ò ní ọ̀tá. Nígbà tó di Tuesday, ó ti ní.

Bí ọmọ bá parí ohun tó ń kọ́ ní ilé-kéwú, wọ́n máa ń ṣe wòlímọ̀ fún un: ẹbí á péjọ, ọmọ á kà á sétí gbogbo wọn. Àlímọ̀t ní ti Michael náà kò ní ṣàìrí bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ilé àwọn Candido, ó pe obìnrin òyìnbó náà, ó pe àwọn òbí àwọn ọmọ. Nusrat din mọ́sà. Gladys, ìyàwó Michael, jókòó sórí àga níwájú, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó dára jù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo èèyàn. Ó rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn, pé ọkọ òun á gba ewì rẹ̀, ìwé rẹ̀ á sì máa tà.

Michael kúnlẹ̀ sórí ẹní. Wàláà wà níwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ó ka ìlà kan sí òmíràn ní Rọ́ṣíà, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí Àlímọ̀t ṣe pa á láṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun ò gbọ́. Àlejò jẹun. Àlejò sunkún. Ipasẹ̀ àlejò wà nínú yìnyín. Ó dé ìlà kejìlá, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá:

"Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ mi, ẹ má bèèrè ọjọ́ tí mo kú.
Ẹ bèèrè orúkọ àlejò mi.
Orúkọ rẹ̀ ni"

Ó dúró síbẹ̀. Obìnrin òyìnbó náà, tó ń ká a sórí fóònù, gbójú sókè. Bí ọmọ bá dúró lójú kéwú, Ìyá Kéwú ló máa ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ náà, kò fi sí i. Ó ti sọ fún un lánàá ohun tí Klavdia sọ, ó sì ti fi yé e pé kì í ṣe ẹnu òun ni orúkọ náà ti máa jáde. Mariyah yíjú sẹ́yìn, ó ń ju ètè sí i pé kó máa lọ.

"Orúkọ rẹ̀ ni Michael Candido," ló wí.

"Ohùn rẹ ò dé ẹ̀yìn."

"Orúkọ rẹ̀ ni Michael Candido."

Gladys ṣí fìlà lórí, ó gbé e lé itan, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àlímọ̀t dìde, ó gbé abọ́ omi wá, ó da omi sórí wàláà, ó fi ọwọ́ ra á títí pákó fi mọ́. Ó gbé omi dúdú náà fún un.

"O ti mọ̀ ọ́n lórí báyìí," ló wí. "Mu ún."

Ó mu ún. Díẹ̀ kán sí kọ́là funfun rẹ̀. Nígbà tó parí, ó bèèrè pé kí lòun máa kọ sínú ìwé.

"Bó o ṣe kà á ni kó o ṣe kọ ọ́. Bó o bá yọ orúkọ yẹn kúrò, rántí pé èmi náà mọ̀ ọ́n lórí."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìwé tuntun dé. Wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ kúrò. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé Ignat Koravin kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú, pé obìnrin kan ní Lafiaji ló tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀. Nusrat mú un lọ bá a ní Balógun, láàárín bàtà. Àlímọ̀t gba ìwé náà, ó nu ọwọ́, ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà kẹrìnlá. Orúkọ náà wà níbẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó fi sábẹ́ káàdì ìbánikẹ́dùn tó ti pọ́n, èyí tó ti mú wá láti ilé nítorí ọjọ́ náà.

"Mummy, ṣé ẹ ti wá dárí jì í báyìí?"

Obìnrin oníbàtà náà wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé.

"Dárí ji ta ni? Mo kàn kọ́ ọ ní kéwú ni."